Oníbàárà Mẹ́wàá Àkọ́kọ́: Bí Òwò Kékeré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Rí Èèyàn ní Oregun Láìná Owó Ìpolówó

Bí aago bá ti ń lọ sí méjìlá ọ̀sán, ojú ọ̀nà Kudirat Abiola ní Oregun kì í dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tú jáde lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, awakọ̀ akẹ́rù ń wá ibi tí yóò ti jẹun kí wọ́n tó pè é wọlé láti já ẹrù, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì sì ti gbé fóònù, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n máa rà. Alausa, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe ibùjókòó, kò jìnnà síbẹ̀. Ojota wà lápá kan, Opebi wà lápá kejì, Computer Village tó ti òpópónà Otigba gbilẹ̀ sì wà ní Ìkẹjà kan náà. Ẹni tó bá ń fi fóònù tajà ní irú àdúgbò báyìí kò lè sọ pé òun ò rí èèyàn. Èèyàn pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn èèyàn náà ni kò mọ̀ ọ́n, àwọn díẹ̀ tó sì mọ̀ ọ́n kò tíì fọkàn tán an débi tí wọ́n á fi owó ránṣẹ́ sí i.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni orí ìwé yìí wà fún: ẹni tó ní fóònù kan, dátà díẹ̀, ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, tí kò sì ní kọ́bọ̀ tí yóò san fún ìpolówó. Ìmọ̀ràn tó wà fún un ni pé kí ó gbàgbé ẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń fojú inú wò, kí ó wá èèyàn mẹ́wàá tó lè dárúkọ. Ẹni tí kò lówó kò lè ra etí gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n ó lè mọ ohun tí èèyàn mẹ́wàá ń fẹ́ ju bí ilé iṣẹ́ ńlá èyíkéyìí ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ráhùn

Ní ìparí ọdún 2015, obìnrin kan gbé àwòrán kóló onígi kan sórí Twitter. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló ń jù sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún náà, nígbà tó sì fọ́ ọ, 365,000 náírà ló bá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Covenant University ní Ọ̀tà, Somto Ifezue, Odunayo Eweniyi àti Joshua Chibueze, ti ń ṣe òwò mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, wọ́n ń bá àwọn tó ń wáṣẹ́ rí iṣẹ́. Àwòrán kóló yẹn ló fi hàn wọ́n pé àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ tọ́jú owó, pé kóló ni wọ́n ṣì ń lò, pé olè lè gbé kóló, ọwọ́ ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ sì lè tètè dé inú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 wọ́n ṣe kóló kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Piggybank ni wọ́n kọ́kọ́ pè é; láti ọdún 2019 ni ó ti ń jẹ́ PiggyVest.

Ohun tí ó yẹ kí oníṣòwò kékeré mú níbẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà ti sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ọjà tó wà. Ní Oregun, ìráhùn kò wọ́n. Télọ̀ tó dájọ́ Ẹtì tí kò gbé aṣọ dé ní ọjọ́ Ẹtì. Oúnjẹ ọ̀sán tó dé lẹ́yìn tí àkókò ìsinmi ti parí. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní Alausa tí kò rí ẹni gba ọmọ rẹ̀ jáde nílé ìwé. Ojú fóònù tó fọ́ tí ẹni tó ni ín kò ráyè gbé e dé Otigba. Gbogbo ìwọ̀nyí ń jáde lójoojúmọ́ nínú àwùjọ WhatsApp àwọn onílé àti ayálégbé, ti ìjọ, ti mọ́sálásí, ti àwọn òbí nílé ìwé. Kí ẹni tó fẹ́ tajà wọ inú méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kí ó má polówó ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó kàn máa kà. Kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ìráhùn náà sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí ó bá wá tó àkókò láti polówó, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yẹn ni kí ó fi polówó.

Ká ní obìnrin kan wà tó ń gbé ní àyíká yìí, tó mọ ọbẹ̀ ọ̀fadà sè dáadáa, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì ní ju ìkòkò àti gáàsì ilé rẹ̀ lọ. Òun ni a ó máa tẹ̀lé nínú ọ̀pọ̀ ohun tó kù, nítorí pé ẹni tó ń ta aṣọ, ìpara tàbí bàtà lè ṣe ohun tó ṣe.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi pamọ́

WhatsApp Business ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2018, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó gba orúkọ òwò, wákàtí iṣẹ́, àwòrán ọjà pẹ̀lú iye owó wọn, àti èsì tó lè dá lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí oníṣòwò bá ń sùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Bí èèyàn bá fi ìkéde kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí WhatsApp gbà fún nọ́ńbà 256 lórí àkójọ kan, ọ̀dọ̀ àwọn tó bá ti fi nọ́ńbà oníṣòwò náà pamọ́ sínú fóònù wọn nìkan ló máa dé. Status náà ń fẹ́ irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní nọ́ńbà irínwó èèyàn, tí ogójì péré nínú wọn sì ní tirẹ̀, ogójì ló ń bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí àwọn èèyàn fi nọ́ńbà náà pamọ́. Ojúkojú ló ti ń yá jù: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi nọ́ńbà mi sí fóònù yín, ẹ kọ ‘Ọ̀fadà Oregun’ sí i, kí ẹ lè rí ohun tí mo bá sè lọ́sẹ̀.” Orúkọ tó sọ ọjà àti àdúgbò dára ju orúkọ abiyì tí kò sọ nǹkan kan lọ, nítorí pé nígbà tí ebi bá ń pa èèyàn, “ọ̀fadà” ni yóò tẹ̀ sínú fóònù, kò ní rántí orúkọ ẹni tó sè é.

Ìkéde fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń bàjẹ́. Ohun tí a máa ń rí ni èyí: “Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ń ta oúnjẹ aládùn lóríṣiríṣi ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbárùkù ti òwò mi, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn.” Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kò sọ oúnjẹ tó jẹ́, kò sọ iye, kò sọ ìgbà, àánú ló sì ń bẹ̀. Ẹ wo èyí tí obìnrin ọlọ́fadà yìí lè fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú iṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ mo fẹ́ se ọ̀fadà, ata tútù, pẹ̀lú ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹyin. 3,500 náírà. Àwo mẹ́wàá péré ni mo fẹ́ sè. Màá gbé e dé géètì yín kí aago méjìlá ààbọ̀ tó lù. Ṣé kí n ka tiyín mọ́ ọn? Aago mẹ́jọ alẹ́ ọ̀la ni mo máa pa ìwé dé.” Ẹni tó ka èyí mọ ohun tó fẹ́ rà, ó mọ iye, ó mọ ìgbà tó máa dé, ó sì mọ ìgbà tí àǹfààní náà máa lọ. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” lọ. Ìkíni tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe àṣerégèé: ẹni tó ju ẹni lọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọjà tí kò bá kí i kọ́kọ́ máa ń dà bí ti àlejò.

Mẹ́wàá tí ó ní òun fẹ́ sè gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́wàá lóòótọ́. Bí ẹni kọkànlá bá dé, kí ó sọ fún un pé ó ti tán, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí owó wọlé kí iná tó jó

Níbí ni ọ̀ràn àìlówó ti ń yanjú gan-an. Bí èèyàn mẹ́wàá bá san 3,500 ní alẹ́ Ọjọ́rú, 35,000 náírà ti wà lọ́wọ́ kí ó tó lọ sọ́jà. Ká ní ìrẹsì, epo, ata, ẹran, ike oúnjẹ àti gáàsì gba 2,300 lórí àwo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 23,000. Ká ní ó san 3,000 fún ẹni tó gbé e kiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 9,000 ló ṣẹ́ kù, kò sì sí àwo kan tó bàjẹ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sè, tó wá ń wá oníbàárà kiri, owó ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìrìn kan ṣoṣo ló gbé oúnjẹ mẹ́wàá. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn wà. Bí mẹ́rin bá wà ní Oregun, mẹ́ta ní Lẹ́kí, mẹ́ta ní Ìkòròdú, èrè náà ti bá ọ̀nà lọ. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tàn án pé gbogbo Èkó ni ọjà rẹ̀. Kí ó mú òpópónà kan, kí ó tà á dáadáa títí tí àwọn máígádì géètì yóò fi mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ohun mìíràn tún wà tí Oregun àti Alausa fi ju ọ̀pọ̀ àdúgbò lọ: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1935, ó sì ṣòro kí èèyàn rí ilé iṣẹ́ ńlá tàbí ẹ̀ka ìjọba tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní irú ẹgbẹ́ yìí. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń yá ara wọn, wọ́n sì ń ra ọjà pa pọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́, pàápàá ìrẹsì àti òróró nígbà ọdún, tí wọn yóò sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lè mú ọgọ́ta oníbàárà wá lọ́jọ́ kan. Kò sì gba owó láti bá a sọ̀rọ̀. Ó gba kí ẹnì kan tó ti jẹun lọ́wọ́ olóúnjẹ náà, tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mú un lọ kí akọ̀wé náà. Kí oníṣòwò mú àpẹẹrẹ ọjà dání, kí ó kọ iye owó sílẹ̀ lórí ìwé, kí ó sì sọ kedere pé ẹgbẹ́ ni yóò san ìdajì ṣáájú. Àwọn ẹgbẹ́ yìí kì í dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì kí wọ́n tó pinnu. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn oṣù Kọkànlá sábà máa ń bá a pé wọ́n ti fún ẹlòmíràn.

Aṣọ ẹbí ń ṣiṣẹ́ bákan náà fún àwọn tó ń ta aṣọ, fìlà, gèlè tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Olóde kan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, gbogbo àwọn àlejò rẹ̀ ni wọ́n sì ń tà fún.

Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó dùn láti sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún un. Ilé iṣẹ́ ńlá máa ń béèrè ìwé òwò láti CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, nọ́ńbà owó orí àti ìwé owó, wọ́n sì sábà máa ń san lẹ́yìn oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olóúnjẹ tó gbé ọgọ́rùn-ún àwo wọlé lórí àwìn lè máà rí owó se ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú ilé iṣẹ́ náà ni kí ó kọ́kọ́ tà fún. Àwọn yẹn ń sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn ẹni tó fẹ́ rà

Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, wọ́n gbà kí oníbàárà san owó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọjà bá dé. Wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn ń bẹ̀rù láti san owó fún ohun tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Ìbẹ̀rù yẹn kò tíì lọ. Ó sì tọ́ kí ó wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ló ti san owó aṣọ tí wọ́n gba àkísà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí kò lówó kò lè ṣe bíi ti àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì: bí oníbàárà mẹ́ta bá kọ ọjà lẹ́nu ọ̀nà, owó rẹ̀ àti owó ẹni tó gbé ọjà ti lọ.

Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó máa fi ara rẹ̀ hàn. Kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì bá orúkọ tó wà lórí ojú ewé rẹ̀ mu, tàbí kí ó ti sọ ìdí tí wọn kò fi bára mu kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Kí àwòrán ọjà jẹ́ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà, kì í ṣe èyí tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fídíò ìṣẹ́jú kan tó fi hàn bí ó ṣe ń fọ ìrẹsì, tí ohùn rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, níyì ju àwòrán mẹ́wàá tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún ṣe lọ. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, bí oúnjẹ bá pẹ́ tàbí tí bàtà kò bá wọ ẹsẹ̀, kí ó dá owó padà lọ́jọ́ kan náà, láìjiyàn. Owó yẹn ni ìpolówó tó rọrùn jù tí yóò san lọ́dún náà, nítorí pé ẹni tí wọ́n dá owó rẹ̀ padà máa ń sọ ọ́ níbi gbogbo.

Ìhà tirẹ̀ náà ní ewu. Álẹ́ẹ̀tì irọ́ pọ̀ ní Èkó. Àwòrán risíìtì tí oníbàárà fi ránṣẹ́ kì í ṣe owó; inú àkáǹtì ni kí ó wò kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá sì ń ta oúnjẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tàbí ike fún títà káàkiri, tàbí ìpara àti ọṣẹ, kí ó tètè béèrè ohun tí NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ń fẹ́, kí òwò náà tó dàgbà ju ohun tí ó lè ṣàlàyé lọ.

Kí wọ́n lè rí i nígbà tí wọ́n bá wá a

Google ń fún oníṣòwò ní ààyè ọ̀fẹ́ lórí máàpù rẹ̀. Google Business Profile ni wọ́n ń pè é láti ọdún 2021. Ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù lè fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ pamọ́, kí ó kàn sọ àwọn àdúgbò tó ń jíṣẹ́ dé. Google lè ní kí ó ya fídíò láti fi hàn pé òwò náà wà lóòótọ́. Kí ó fara balẹ̀ ṣe é. Ìmọ̀ràn kan tó jẹ́ ti Oregun gan-an ni pé kí ó kọ orúkọ ọ̀nà náà ní méjèèjì. Wọ́n ti fi Kudirat Abiola, tí wọ́n yìnbọn pa ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 1996, sọ ọ̀nà Oregun lórúkọ, òun ló sì wà lórí máàpù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè é ní Oregun Road, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá olóúnjẹ.

Lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti jẹun tán, tó sì yìn ín, ìgbà yẹn ni kí ó fi ìlà Google ránṣẹ́ sí i pé kí ó kọ ohun tó rí síbẹ̀. Kí ó má fi ẹ̀bùn ra ọ̀rọ̀ yẹn. Google kò gbà á, ó sì lè pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Fún àwọn tó ń ta nǹkan tí kì í bàjẹ́, Jiji, tó ti wà láti ọdún 2014, tó sì ra OLX Nàìjíríà ní 2019, ṣì ń gba ìpolówó láìgba owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó sanwó ni wọ́n ń gbé sókè.

Ọjà tó ń polówó ara rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1996, Sabeer Bhatia àti Jack Smith ṣí Hotmail, ibi tí èèyàn ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi ìlà kékeré kan sí ìsàlẹ̀ gbogbo lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́, tó ń sọ fún ẹni tó gbà á pé òun náà lè rí tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọdún 1997 tó parí, tí Microsoft rà á, àwọn tó ń lò ó ti ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Gbogbo ẹni tó lò ó ló ń polówó rẹ̀, láìgba owó.

Àwo ọ̀fadà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọ́fíìsì, ẹnì kan kì í jẹun kí ẹlòmíràn má gbóòórùn rẹ̀. Bí ìwé pélébé kan bá wà lórí ike náà, tí wọ́n kọ “Ọ̀fadà Oregun, Ọjọ́bọ̀ nìkan” sí, pẹ̀lú nọ́ńbà WhatsApp, ẹni tó wà nídìí tábìlì kejì kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bírò àti bébà tí wọ́n gé ni yóò tó fún oṣù àkọ́kọ́. WhatsApp tún ń fúnni ní ìlà kúkúrú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa.me, tó ń ṣí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn kọ́kọ́ fi nọ́ńbà pamọ́, a sì lè fi gbólóhùn kan sínú rẹ̀ ṣáájú, bíi “Mo fẹ́ àwo kan ní Ọjọ́bọ̀.”

Èènì náà ń ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn ìyá wa lọ́jà mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́: ṣíbí ẹ̀wà kan lé e, ata méjì lé e, oníbàárà yóò padà wá. Dropbox, tó ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 2008. Ẹni tó bá mú ẹlòmíràn wá gba ààyè lé, ẹni tí wọ́n mú wá náà sì gbà. Láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tó ń lò ó kúrò ní 100,000, wọ́n di mílíọ̀nù mẹ́rin. Kókó ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ló ń rí èènì. Bí ẹni tó ń mú èèyàn wá bá nìkan gbà á, ojú á máa tì í pé òun ń ta ọ̀rẹ́ òun. Ọlọ́fadà lè sọ pé: “Ẹ mú ẹnì kan wá ní Ọjọ́bọ̀, ẹran kan á lé ti ẹ̀yin méjèèjì.” Ẹran méjì yẹn kéré sí iye tí ìpolówó kan máa gbà.

Àwọn tó ń ta iṣẹ́, tí kò ní ohun tó ṣeé tọ́ wò, lè fi ìmọ̀ ṣe èènì. Ní ọdún 2009, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Obafemi Awolowo University, Ilé-Ifẹ̀, Ayodeji Adewunmi, Opeyemi Awoyemi àti Olalekan Olude, dá Jobberman sílẹ̀. Àwọn tó ń wáṣẹ́ lè rí àkójọ iṣẹ́ níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ibi tí wọ́n bá sì ti pọ̀ jọ ni ilé iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ máa ń fẹ́ wà. Ọ̀dọ́ kan ní Oregun tó ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣe ìṣirò owó lè máa fi àlàyé ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí ohun kan péré tó ń dà wọ́n láàmú: bí a ṣe ń kọ risíìtì, bí a ṣe ń ya owó òwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé. Ẹni tó bá ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹta tó sì rí àǹfààní rẹ̀ ni yóò pè é nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń lé oníbàárà sá

Fífa èèyàn sínú àwùjọ WhatsApp láìtọrọ àyè ló burú jù. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, nọ́ńbà fóònù sì wà lára ìsọfúnni náà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp, nítorí ọ̀nà tó ń gbà lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó máa bu irú owó bẹ́ẹ̀ lé ọlọ́fadà, ṣùgbọ́n bí èèyàn mélòó kan bá fi ẹjọ́ rẹ̀ sun WhatsApp, wọ́n lè ti nọ́ńbà náà pa, gbogbo oníbàárà rẹ̀ á sì bá a lọ. Kí ó béèrè ṣáájú. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, kí ó yọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Àwìn tẹ̀ lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún 20, àwọn òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń gbé aṣọ lọ bá oníbàárà ní abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn. Lílọ bá oníbàárà níbi tó wà yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwìn wọn kọ́. Òṣómàáló lè lo odidi ọjọ́ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ẹni tó ń tajà lórí fóònù kò ní ẹnu ọ̀nà tí yóò jókòó sí.

Gbígbé ọjà dé ọwọ́ náà ń lé èèyàn sá bí kò bá létò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní Èkó, Ìkẹjà sì wà nínú wọn, nítorí náà kí oníṣòwò má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní alùpùpù ládùúgbò. Kí ó lo àwọn tó níwèé àṣẹ láti gbé ẹrù. Fún ọjà tí kì í bàjẹ́, ọ̀nà tó dín owó kù tún wà. Ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádó dé Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín àti Yàbá. Oníṣòwò lè dá ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ìpàdé ní ibùdókọ̀ ojú irin Ìkẹjà, kí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ gba ọjà wọn níbẹ̀ láìsan owó ìgbékalẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, kí ìwé kékeré tó fi kọ ìráhùn àwọn èèyàn máa bá iṣẹ́ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníbàárà tuntun kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ̀nà tí onítọ̀hún gbà dé: ẹni tó mú un wá, ìwé tó rí lórí ike, Google, akọ̀wé ẹgbẹ́, tàbí status. Kí ó bi í léèrè bí kò bá mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ó kà wọ́n. Ọ̀nà tí kò mú ju ẹnì kan wá, kí ó fi sílẹ̀, bó ti wù kí ó dùn mọ́ ọn tó, kí ó sì fi wákàtí tó ń lò níbẹ̀ kún ti ọ̀nà tó mú èèyàn wá jù. Orúkọ àwọn tó rà lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò padà wá náà wà nínú ìwé yẹn. Kí ó pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti tajà, kí ó kàn béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe tí kò tẹ́ yín lọ́rùn?” Kí ó kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ó tó se ti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.